Sátẹ́láìtì tàbí sónà: èwo ló yẹ ká fi ya àwòrán ìsàlẹ̀ òkun?

Kò sí bí a ṣe fẹ́ dáàbò bo ìsàlẹ̀ òkun tí a kò bá mọ ohun tó ń gbé níbẹ̀. Sátẹ́láìtì yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Níbi tí omi bá ti mọ́ gaara tí kò sì jìn, bíi ti Bahamas, ó ń fi pápá koríko òkun hàn kedere. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó fi ń ríran kì í wọ inú omi lọ jìnnà.

Sónà ní tirẹ̀, ìró ló ń rán lọ sísàlẹ̀, tó sì ń gbọ́ bó ṣe ń padà bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e sì ń jẹ epo púpọ̀. Síbẹ̀, fún ibú, òun ni mo fara mọ́. Òun ni wọ́n fi ṣàwárí Darwin Mounds ní 1998: àwọn òkìtì iyanrìn tí iyùn, ìyẹn ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun kan, hù lé lórí, ní nǹkan bíi mítà 1,000 nísàlẹ̀ omi, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Scotland. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò ó, wọ́n rí ipa àwọ̀n ńlá tí àwọn ọkọ̀ apẹja ti wọ́ kọjá níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ní 2003, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ lágbègbè náà. Sátẹ́láìtì kò lè rí òkìtì wọ̀nyẹn láéláé.