Arduino, Raspberry Pi tàbí BrightSign: èwo ni kí ẹ rà fún fídíò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé?

Ohun tí ẹ fẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Fídíò kékeré kan ń yí lójú tẹlifíṣọ̀n láìdáwọ́ dúró. Ọmọ ilé-ìwé dé, ó tẹ bọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan, fídíò bí wọ́n ṣe ń fi awọ bo ìlù sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá tán, ti àkọ́kọ́ á padà. Kí n tó dárúkọ ọjà kankan fún oníbàárà, ìbéèrè tí mo máa ń bi í nìyí: bí iná bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ta ni yóò máa wá tún un tàn?

Arduino Uno R3 ló kọ́kọ́ máa ń wá sí ènìyàn lọ́kàn. Bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ kékeré gidi ni, ó sì fara da ìyà. Ṣùgbọ́n kò lè gbé fídíò: RAM rẹ̀, ìyẹn ààyè ìrántí rẹ̀, ò ju 2 KB lọ, fọ́tò kan péré láti inú fóònù yín ò lè wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mọ̀ pé wọ́n ti tẹ bọ́tìnì, kó sì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó ń gbé fídíò. Bó bá jẹ́ ọ̀nà yìí lẹ máa gbà, Arduino Leonardo ni kí ẹ rà dípò Uno R3. Ó lè ṣe bíi kíbọ́ọ̀dù: ọmọ tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹnì kan tẹ lẹ́tà A ni.

Kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni ìṣòro. Mo ṣe irú rẹ̀ síbì kan rí. Iná lọ, iná dé, Arduino ti jí, kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe update níwájú àwọn àlejò. Ìyá tó ń ṣọ́ yàrá náà pè mí: “Ẹ̀ńjíníà, ó ní ká má pa òun o. A ti ń dúró láti àárọ̀.” Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé kọ̀ǹpútà síbi tí kò ti sí inverter.

Raspberry Pi, bọ́ọ̀dù kékeré tó lè gbé fídíò fúnra rẹ̀, ni mo fara mọ́ jù fún tẹlifíṣọ̀n kan àti bọ́tìnì mẹ́ta-mẹ́rin. Bọ́tìnì ń wọlé sí GPIO rẹ̀ (ibi tí wáyà bọ́tìnì àti sensor ń wọ̀) tààrà, fídíò ń ti HDMI jáde, kò sí Arduino láàárín. Ẹ má sanwó Pi 5 torí pé ó jẹ́ tuntun. Pi 4 ní ẹ̀yà ara tó ń tú fídíò H.264 (ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n fi ń di fídíò), wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò lára Pi 5, ti H.265 ló kù. Ẹ ra wáyà micro-HDMI mọ́ ọn, torí wáyà tẹlifíṣọ̀n ilé yín ò ní wọ̀ ọ́.

Ohun méjì ló máa ń ba Pi jẹ́. GPIO rẹ̀ ò gbà ju 3.3V lọ, sensor HC-SR04, tó ń mọ̀ bí ènìyàn bá súnmọ́ tòsí, ń dá 5V padà. Láìsí resistor méjì (ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù) láàárín, ó lè jó Pi. Èkejì ni mẹ́mórì káàdì: bí iná bá lọ nígbà tí Pi ń kọ nǹkan sórí rẹ̀, ó lè bàjẹ́. Ẹ tan overlay file system nínú raspi-config, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ètò Pi, kò ní máa kọ nǹkan sórí káàdì mọ́.

Owó BrightSign, àpótí kékeré tó ń gbé fídíò, ga ju ti Pi lọ dáadáa. Àmọ́ irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n dìídì ṣe é fún: iná dé, ó ka káàdì, fídíò bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ihò GPIO wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Bí yàrá bá pọ̀, tí kò sì sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, òun ni kí ẹ rà.

Bọ́tìnì ńkọ́? Ti 30 mm tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ géèmù ni kó jẹ́. Bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́, irin inú rẹ̀ máa ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún kó tó fara balẹ̀, bọ́ọ̀dù á sì kà á sí ìtẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Fídíò á bẹ̀rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ń kọ prógíráàmù náà jẹ́ kó fojú fo ohun tó bá wọlé láàárín 50 mílísẹ́kọ́ńdì.

Kí ẹ tó san owó tó kù fún oníṣẹ́, ẹ yọ wáyà iná ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, kí ẹ tún kì í bọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ẹ̀ẹ̀kan péré bá wà tí fídíò ò fúnra rẹ̀ padà, owó ò tíì yẹ oníṣẹ́.