Wọ́n fọ́máàtì dísìkì mi, wọ́n sì tún gba ohùn ìyá àgbà padà nínú rẹ̀

Mo kẹ̀yìn sí dísìkì mi ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún bí iṣẹ́jú méjì láti dá ọkọ mi lóhùn lórí fóònù. Nígbà tí màá fi yíjú padà, ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ti ń rẹ́rìn-ín. “Mọ̀mí, ó ti ṣí o.” Lóòótọ́ ló ṣí. Ojú fódà funfun báláú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti fọ́máàtì dísìkì tí mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé kó má fọ́máàtì.

Ní 2019, mo jókòó ti ìyá tó bí bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, mo gbé ẹ̀rọ síwájú wọn, wọ́n sì ki oríkì agbo ilé wa láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi wọ̀. Ìyàwó ilé ni wọ́n, àwọn nìkan ló sì kù tó mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀. Wọ́n papò dà ní 2021. Wákàtí mẹ́fà ohùn wọn ló wà nínú dísìkì yẹn, mi ò sì ní ẹ̀dà kejì níbikíbi.

Wọ́n mú iná lọ nígbà tí mo ń da fọ́tò sínú rẹ̀, UPS mi, bátìrì tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà dúró, sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí iná dé, Windows ní àfi kí n fọ́máàtì dísìkì náà kí n tó lè lò ó. Mo fà á yọ, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Computer Village, Ìkẹjà.

Kí ọmọ yẹn tó ba nǹkan jẹ́ rárá ló ti ń sọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. “1TB ni wọ́n kọ sára ẹ̀, 931GB ló ń hàn. Ó ti ń jẹra, Mọ̀mí.” Kò sí ohun tó jẹra. 1000MB ló ń di 1GB lójú àwọn tó ṣe dísìkì, 1024 ni lójú Windows, bí gbogbo 1TB ṣe ń hàn nìyẹn látọjọ́ tí wọ́n bá ti já a nínú páálí. Ẹni tó ń gba dísìkì lọ́wọ́ oníbàárà yẹ kó mọ ìyẹn.

Mo pariwo. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì jáde síta. Ọ̀gá wọn jáde láti yàrá ẹ̀yìn, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ọmọ náà: “Quick ni àbí full?” Ọmọ náà ní quick ni. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó fa wáyà yọ, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ma. Ẹni tó nu orúkọ kúrò lára ilẹ̀kùn ò tíì lé onílé jáde.”

Ó fi àga fún mi, ó sì là á yé mi. Dísìkì ní ìwé tó fi ń kọ orúkọ fáìlì àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Quick format kàn ń fi ìwé tuntun tó ṣófo rọ́pò ti àtijọ́ ni, kì í fọwọ́ kan ibi tí fáìlì fúnra rẹ̀ wà. Full ló ń kọ òdo bo gbogbo rẹ̀ láti ìgbà Windows Vista, kò sì sẹ́ni tó lè gba ìyẹn padà. Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé exFAT tí mo yàn, ìyẹn ọ̀nà tí dísìkì ń gbà to fáìlì, wà lára ohun tó kó bá mi. Mo yàn án nítorí Mac àbúrò mi, tó lè ka NTFS, irú ọ̀nà tí Windows ń lò, ṣùgbọ́n tí kò lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Àmọ́ NTFS máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, tí iná bá lọ, yóò mọ ibi tó dé. exFAT kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta dísìkì náà fún mi ò sọ ọ́.

Ọ̀gá yìí ò ṣiṣẹ́ lórí dísìkì mi rárá. Ó kọ́kọ́ fi ddrescue, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dísìkì, da gbogbo rẹ̀ kọ sórí òmíràn ní òru ọjọ́ kan, orí ẹ̀dà yẹn ló wá lo PhotoRec sí, ètò tó ń wá fáìlì tó sọnù. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ó gba ₦60,000 lọ́wọ́ mi, mi ò sì ná an.

Ní ọjọ́ kẹta, mi ò tíì wọlé tán nígbà tí mo gbóhùn ìyá àgbà. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú, mò ń dáhùn, “Ẹ ṣé, Ìyá,” bí mo ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń kì mí.

Lẹ́yìn náà ni mo wo ibi tí ohùn náà ti ń jáde. Láti orí laptop ọmọ tó fọ́máàtì rẹ̀ ni! Gbogbo kọ̀ǹpútà wọn ló so mọ́ switch kan ṣoṣo, àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, èyí tó dára, nítorí tí wáyà ẹnì kan bá já, àwọn tó kù á máa ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n fódà àwọn oníbàárà tó wà lórí sẹ́fà ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn jọ ń lò, ò ní password, ẹnikẹ́ni nínú wọn ló lè ṣí i. Mo rí ìgbéyàwó ẹlòmíràn níbẹ̀, mo rí ìwé ẹ̀rí ọmọ ẹlòmíràn. Mo bínú ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá dákẹ́, ó jókòó, ó fi password ti fódà tèmi pa lójú mi. Ti àwọn tó kù ńkọ́?

Orúkọ fáìlì kankan ò bọ̀. Irú nǹkan bíi f1839104.wav ni gbogbo wọn, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó mọ èyí tó ṣáájú. Mẹ́jọ nínú fáìlì mẹ́sàn-án tí ohùn ìyá àgbà wà pé. Ìkẹsàn-án ti fọ́n ká lórí dísìkì, PhotoRec ò sì rí ìyókù rẹ̀ so pọ̀. Ibi tí ìyá àgbà ti pe “Àjọkẹ́”, tí wọ́n fẹ́ máa ki èmi gan-an lọ, ibẹ̀ ló já sí, ariwo ló kù.

Ìràwọ̀: 5 nínú 5.