Ìwé ìbéèrè Marijuana Motives Measure: ó dára, àmọ́ ó fo oorun àti ara ríro

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ní Amẹ́ríkà, bí aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, bá sọ fún yín pé òun ń mu igbó, ẹ lè fi ìwé yìí wá ìdí rẹ̀. Olùṣèwádìí kan, Simons, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní 1998. Ìbéèrè 25 ló wà níbẹ̀, márùn-ún márùn-ún fún ìdí kọ̀ọ̀kan: ìgbádùn, ìgbàgbé ìdààmú, fàájì láàárín ọ̀rẹ́, ṣíṣe bí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe, àti ṣíṣí ọpọlọ sílẹ̀. Máàkì 1 ni ti ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, 5 ni ti ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó ya olùfàájì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó fi ń gbàgbé ìdààmú, torí ẹni kejì yìí ni igbó sábà máa ń kó bá jù. Ẹ má ro máàkì 25 pọ̀ o. Ká ní ẹnì kan kọ 5, 4, 5, 4, 4 sábẹ́ ìdààmú: 22 ni, ẹ pín in sí 5, ó di 4.4. Ó kọ 1, 1, 1, 2, 1 sábẹ́ ẹgbẹ́: 1.2. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, 4.4 yẹn á rì. Ìbéèrè tó bá fò, ẹ má kọ òdo sí i. Iye tó dáhùn ni kí ẹ fi pín in.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n fi dán an wò, ó sì hàn. Ìbéèrè bóyá ọ̀rẹ́ ló ń fipá mú èèyàn bá ọmọ ogún ọdún mu. Ẹni ogójì ọdún tó ń dá mu ún ní yàrá lẹ́yìn iṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tí kò róorun sùn, kò ríbi kọ ọ́ sí. Á fi máàkì sí ìgbàgbé ìṣòro, ẹ̀yin á sì rò pé ọkàn rẹ̀ ló dàrú. Èyí tó dùn mí jù: kò béèrè ẹ̀tanú rárá. Olùṣèwádìí mìíràn, Meyer, ṣàlàyé ní 2003 pé ẹ̀tanú tí wọ́n ń ṣe sí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin jẹ́ ìnira lórí ìnira ojoojúmọ́, ó sì ń ba ìlera ọpọlọ jẹ́. Ẹni tí wọ́n kọ̀ nílé nítorí ẹni tó fẹ́, tí wọ́n tún kọ̀ níta nítorí àwọ̀ rẹ̀, ìnira méjì ló ń rù.

Ìwé tí Lee àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2009 ní ìbéèrè 36 lábẹ́ ìdí 12, oorun sì wà níbẹ̀. Ẹ̀tanú kò sí nínú ìyẹn náà. Nítorí náà, kí ẹ tó fún un ní ìwé, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu bi í, láìsí ẹbí rẹ̀ nítòsí: ìgbà tí ẹ mu ún kẹ́yìn, kí ló ṣẹlẹ̀ ní wákàtí tó ṣáájú? Bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ ń bá a sọ, ẹ má ní “kí ló dé tí ẹ fi ń mugbó?”, ìbáwí ni yóò gbọ́. “Kí ló máa ń ṣe fún yín?” ni kí ẹ bi í, kí ẹ sì dákẹ́ kó dáhùn.