Ẹ̀kọ́ èdè Japan fún ẹni tó ń wo eré pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́

Oṣù mẹ́ta ni mo fi lo ẹ̀kọ́ orí fóònù kan tí wọ́n ṣe fún àwọn tó fẹ́ gbọ́ èdè Japan inú eré àti fíìmù, nítorí pé èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń péjọ wò ó ní alẹ́ Sátidé, ó sì ti sú mi láti máa ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán.

Ibi tó ti dára jù ni àlàyé rẹ̀ lórí èdè ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ìwé a máa fi “tabemasu” kọ́ni fún “jẹun”, ṣùgbọ́n “taberu” ni ojúgbà ń sọ fún ojúgbà, “tabete iru” (ń jẹun lọ́wọ́) sì máa ń di “tabeteru” lẹ́nu wọn. Ọmọ Yorùbá tó mọ ìyàtọ̀ “o” àti “ẹ” yóò tètè lóye rẹ̀, àfi pé ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀wọ̀ tiwọn sábà máa ń wà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ife bọ́ lọ́wọ́ òṣèré kan, ó ní “yatchatta” (áà, mo ti ṣe é!), mo sì ti bú sẹ́rìn-ín kí ìtumọ̀ tó jáde.

Ohun tó bí mi nínú ni pé “ìwọ” lásán ni wọ́n túmọ̀ “kisama” sí, láìsọ pé ìwọ̀sí ńlá ni lóde òní. Ohùn inú rẹ̀ náà falẹ̀ jù. Ẹni tí kò tíì mọ lẹ́tà hiragana 46 kọ́kọ́ lọ kọ́ wọn ná, torí pé òun ni wọ́n fi kọ gbogbo àpẹẹrẹ.