Ṣáláńgá inú ilé tàbí ti gbogbogbòò: èwo ló sàn ní ìlú àwọn ará Róòmù àtijọ́?

Ní Ostia, ìlú èbúté Róòmù, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò kan wà tó ní nǹkan bí 20 ihò lórí ìjókòó òkúta mábù. Kò sí ògiri láàárín wọn rárá, ojú ń rójú. Ṣùgbọ́n omi ń ṣàn lábẹ́, ó ń gbé ìgbẹ́ lọ. Kànrìnkàn orí igi ni àwọn òpìtàn kan ní wọ́n fi ń nùdí, àjùmọ̀lò sì ni. Ẹ̀gbin gbáà!

Ti inú ilé ní Pompeii, ìlú àwọn ará Róòmù mìíràn, bo àṣírí díẹ̀, àmọ́ ilé ìdáná tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Inú kòtò ni ìgbẹ́ ń bọ́ sí, kì í ṣe gọ́tà ìlú. Eṣinṣin á tibẹ̀ bà lé oúnjẹ.

Tèmi, ti gbogbogbòò ni màá lọ, bí mo bá ti mú kànrìnkàn tèmi dání.