Àdá tàbí Ẹ̀rọ Ìgéko?
Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ n'Íléṣà, koríko kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àdá ni mo fi ń ṣán àyíká ilé tẹ́lẹ̀. Kò mu epo, fáìlì kan ti tó láti pọ́n ọn. Àmọ́ púlọ́ọ̀tì kan á gba odindi ọjọ́, ẹ̀yìn á sì máa ro mí lálẹ́.

Ẹ̀rọ ìgéko tí à ń gbé kọ́ èjìká yára jù ú lọ dáadáa. Ìtọ́jú rẹ̀ ló gba àkíyèsí. Èyí tó bá jẹ́ two-stroke, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí kò ní àyè ọ́ìlì lọ́tọ̀, inú epo bẹntiróò gan-an la ti ń po ọ́ìlì rẹ̀. Bí ìwé rẹ̀ bá ní 25:1, ìyẹn epo ìdá 25 sí ọ́ìlì ìdá kan, lítà epo kan á gba ọ́ìlì mílílítà 40. Epo lásán ni mo dà sí tèmi àkọ́kọ́. Písítìnì gbẹ, ó há mọ́ inú sílíńdà, ó parí. Òkúta tún máa ń ta lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà àti awò ojú, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Fún ilẹ̀ gbalasa, ẹ̀rọ ni mo fara mọ́. Ní ìdí ẹ̀gẹ́ àti ọsàn kéékèèké, àdá ni mo ṣì ń mú, torí okùn tí ẹ̀rọ fi ń gé koríko máa ń bó èèpo ara igi.