Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta "adènà ooru" ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin onímọ́tò ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí Kétu nílẹ̀ Benin wa níbí, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa pa ooru inú ọkọ̀ yín. 45,000 sefa tèmi ti bá a lọ.

Ẹ mọ bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Carina mi jẹ́ aláwọ̀ aró, klíìmù rẹ̀ sì ti kú kí n tó rà á. Ohun tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní éésì ni mò ń wí. Èrò mẹ́rin ló ń wà lẹ́yìn níbi tó yẹ kí mẹ́ta wà, ẹ má bínú. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ nítòsí Àkàbà Ìdẹnà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, ní aago méjìlá ọ̀sán, tí mo padà dé ní aago kan, àfi kí n fi àkísà wé ọwọ́ kí n tó lè di sítíárì mú.

Nígbà tí mo wá rí ṣọ́ọ̀bù kan lápá Wàńdó tó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé àwọn ń fi adènà ooru sí ọkọ̀, mo yà. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ. "Patrọ́n, ẹ wá fọwọ́ ara yín yẹ̀ ẹ́ wò." Ó tan gílóòbù ńlá kan, ó na bébà fàdákà síwájú rẹ̀, ó ní kí n gbé ọwọ́ sí ẹ̀yìn bébà náà. Lóòótọ́, ooru kò dé ọwọ́ mi. Ó tún fi ọbẹ gé ẹyọ kan fún mi: rọ́bà dúdú tó nípọn, tó ń fà bíi ṣingọ́ọ̀mù, tí álúmínì tó le lẹ̀ mọ́ lórí. Ó ní bútílì ni, láti Jámánì. A ná an láti 60,000 wá sí 45,000. Ó ní kí n lọ jẹun, kí n padà wá ní ìrọ̀lẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìṣe. Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ irin òrùlé, wọ́n sì ti da aṣọ òrùlé tó máa ń bo ibẹ̀ padà, ihò iná inú ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀. Ó ní kí n yọjú wò ó. Mo yọjú: fàdákà ń dán gbinrin. Mo sanwó, ó fún mi ní ìwé garantí ọdún márùn-ún.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí. Ooru sì wà bó ṣe wà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a ti kọjá Ṣàkẹ́tẹ́, à ń wọ̀nà Pobẹ̀ lọ, ìyá kan jókòó lẹ́yìn mi pẹ̀lú léèsì funfun, ó ń lọ síbi ìsìnkú. Ṣàdédé ló pariwo: "Dẹ́rẹ́bà, ọmọ mi, kí ló ń kán sí mi léjìká?" Mo pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọ̀dà ni. Ẹ̀kán kan bí ẹyọ ẹ̀wà, dúdú kirikiri. Bí ìyá ṣe ní kí òun fọwọ́ nù ún ni ó bá tàn dé àyà aṣọ. Mi ò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan lọ́jọ́ náà, mo tún fún ìyá ní 15,000 lé e.

Nígbà tí mẹkaníìkì mi ní Kétu tú òrùlé, àwa méjèèjì kàn ń wo ara wa ni. Téèpù ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí páànù ilé tó ń jò ló wà níbẹ̀. Fàdákà orí rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi ti inú páálí sìgá. Kò tiẹ̀ tó ìdajì òrùlé: wọ́n lẹ̀ ẹ́ dáadáa yí ihò iná ká, níbi tí ojú mi lè dé. Ìyókù, irin lásán.

Gílóòbù yẹn kì í ṣe irọ́ o, ìdí nìyẹn tó fi mú mi. Álúmínì máa ń ta ooru padà bí àyè afẹ́fẹ́ bá wà láàárín òun àti ohun tó ń gbóná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, tí aṣọ òrùlé tún fún mọ́ ọn nísàlẹ̀, ooru á gba inú rẹ̀ kọjá bí ó ti ń gba inú ìkòkò. Bútílì gidi pàápàá, láti dín ariwo àti gbígbọ̀n irin kù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń dá ooru dúró ni fóòmù tí kì í fa omi, irú rọ́bà dúdú fífúyẹ́ tí àwọn oníklíìmù fi ń wé páìpù. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 50°C, òrùlé ọkọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú sì ń kọjá ìyẹn nínú oòrùn.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ gé díẹ̀ lára èyí tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tó wà lórí káńtà, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bútílì kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ẹ tì í bọ inú kúlà ẹni tó ń ta omi tútù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá ká a: ọ̀dà á le gan, á fẹ́ sán; bútílì á ṣì máa tẹ̀. Fóòmù ní tirẹ̀, ẹ rì í sómi kí ẹ fún un. Bí omi bá ń jáde nínú rẹ̀, kànìnkànìn lásán ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Kí ẹ sì jókòó tì wọ́n títí iṣẹ́ á fi parí, kódà bí ebi bá ń pa yín. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, gíláàsì ni oòrùn ń bá wọlé jù, páálí tí mo fi ń dí gíláàsì iwájú báyìí ti wúlò fún mi ju 45,000 yẹn lọ.

Mo gbé ìwé garantí padà lọ. Ọmọkùnrin náà ní ọ̀gá òun ló ń bójú tó ìyẹn, ọ̀gá sì wà ní Kútọnu. Nígbà tí mo tún lọ, wọ́n ti yọ pátákó, aṣọ ìjókòó ọkọ̀ ni wọ́n ń tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é lápá ibẹ̀, ẹ fi ìka kan òrùlé ọkọ̀ yín láti òde, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n bá lẹ̀ á dún gbì. Ibi tó bá ń dún kóń-kóń bí agolo, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.